Ojú Ọmọ Oníṣègùn

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Àǹtí Ata dé láti Busan. Àbúrò Bàbá ni wọ́n — èmi ni mo sọ wọ́n ní Ata, wọn ò mọ̀. Ìdí oúnjẹ la wà tí wọ́n fi tẹjú mọ́ mi, tí wọ́n sì kọjú sí Bàbá: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú Daegu yìí lẹ ń ta oògùn ojú fún. Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò o. Àbí ẹ ò rí Da-som ni?"
Bàbá ń jẹ kimchi wọn, ẹ̀fọ́ kíkan aláta, lọ.
Bàbá rí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń se àgbo lẹ́yìn ògiri nílé ìwòsàn wọn, tí ẹlòmíì sì ń gba àlejò níwájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta
Bàbá ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Wọ́n fi ìka gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ lọ́rùn ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n yọ ahọ́n. Wọ́n ní ooru ló pọ̀ nínú mi, òun ló ń gun ojú. Àgbo láàárọ̀, àgbo lálẹ́. Kò sí adìẹ díndín, kò sí núdù. Mo ní kí ni kí n wá jẹ. Wọ́n ní, "Ìrẹsì."
Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́. Wọ́n ń tì í bọ abẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan tí irorẹ́ fi sí mi lójú, kí awọ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbéra. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, Bàbá ò fọwọ́ kan ojú mi rí, àfi lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta
Ojú wú. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta
Mo jẹ adìẹ lọ́dọ̀ Yun-ji, ọ̀rẹ́ mi. Bàbá kàn wo ahọ́n mi: "Ta ló ra adìẹ?"

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹrin
Àpá dúdú ti ń ṣí. Kòtò irorẹ́ ò jìn bíi tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n wà. Mo bi Bàbá bóyá wọ́n máa tán. Wọ́n ní ká jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Karùn-ún
Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá, Hyo-rin, òun àti ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ tèmi. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà láti ìdí àgbo: "Oníṣègùn, ẹ ṣáà ṣèlérí pé á jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Ibòmíì ti ṣèlérí fún wa."
Bàbá pè mí: "Da-som, wá síwájú."
Wọ́n fà mí sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ọmọ mi nìyí. Ibi tí ọwọ́ mi dé nìyí. Dúdú á lọ. Kòtò á dín kù, kò ní tán."
Ìyá náà gbé báàgì rẹ̀. Wọ́n lọ. Bàbá ò tíì gbé ọwọ́ kúrò ní àgbọ̀n mi.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Karùn-ún
Hyo-rin padà wá, òun nìkan. Bàbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ló bi: "Ṣé abẹ́rẹ́ náà máa ń dunni?"
Mo ní ó ń dunni gan-an.
Ó bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì.