Yàrá Iwájú Ṣì Ṣófo

Ilé Kàdírì,
Ojú-Ọrẹ, Ọ̀tà.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìrí ara wa, ẹ sì kú òtútù Leeds. Ṣé ẹsẹ̀ Mọ́mì ti fúyẹ́? Ṣé Rauf àbúrò mi ń jẹun dáadáa? Ara tiwa le níbí, àlùhámídù. Ẹ má bínú pé mo kọ̀wé dípò kí n pè yín. Lórí fóònù, ẹ máa ń sọ pé "a máa rí i," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá iwájú ni. Ẹ mọ̀ pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá àgbà fi ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin ní Ṣàngó, àti pé oṣooṣù ni wọ́n ń fi owó ra búlọ́ọ̀kì. Wọ́n ní, "Owó oṣù a máa tán; búlọ́ọ̀kì kì í sá lọ." Òótọ́ ni. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n yàrá méje tí àwọn ayálégbé wà ló ń bọ́ wọn, wọn kì í tọrọ. Ìkẹjọ, èyí tó dojú kọ títì, tiyín ni. Èmi ọmọ yín gan-an, láti ìgbà tí mo ti Leeds dé, pálọ̀ ni wọ́n ní kí n máa sùn.

Dókítà ti ní ojú Bàbá àgbà fẹ́ iṣẹ́ abẹ, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù. Màdáámù Susanna, tíṣà kan tó ń wá ilé, wá fẹ́ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí yàrá yẹn. Owó náà á tó tún ojú ṣe. Mo ní kí wọ́n gbà á.

Bàbá àgbà ní, "Níbo ni baba rẹ máa sùn tó bá dé?"

Èmi aláìmọ̀kan, mo ní, "Bàbá, hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Ọ̀tà."

"Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀! Kí ọmọ mi sun hòtẹ́ẹ̀lì nílùú yìí, kí èmi máa jẹ owó yàrá rẹ̀? Toyibat, ṣé ọmọ mi náà ló bí ẹ ṣá?"

Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá ní ẹ lè fi owó ránṣẹ́, wọ́n mi orí. "Mo kọ́lé kí n má bàa nawọ́ sí ọmọ. Bí mo bá sì fi yàrá rẹ̀ tún ojú ṣe, ta ni n óò fi ojú náà wò?"

Bàbá mi, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ máa padà sílé. Ní Leeds, ọ̀rọ̀ lásán ni létí mi. Níbí, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní kọ́tìnnì tí wọ́n ń fọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ kan. Tí ẹ ò bá sì ní wá, ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé kí wọ́n gba owó Màdáámù Susanna. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Mo ti bẹ Màdáámù pé kí wọ́n ní sùúrù di ìparí oṣù.

Ẹ bá mi kí Mọ́mì àti Rauf. Àárò gbogbo yín ń sọ mí.

Jímọ̀ Jímọ̀, tí Bàbá àgbà bá ti kírun dé, wọ́n máa ń ṣí fèrèsé yàrá yín kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Jímọ̀ tó kọjá, ṣe ni wọ́n ń fọwọ́ wá ìkọ́ rẹ̀ kiri lára ògiri. Èmi ni mo bá wọn ṣí i.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wọ̀nà,
Toyibat.