Ẹ̀bẹ̀ Nípa Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Ìyá Mi Tí A Rán Sínú Awọ Tírà

Ilé Gbàdàmọ́sí,
Kambolé,
Àgbègbè Tchamba.

Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 1988.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àyẹ̀wò Ẹrù Èrò,
Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú,
Lomé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÁPADÀ Ẹ̀RỌ ÌGBỌ́RÀN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ YÍN, NỌ́ŃBÀ 47

1. Èmi ni Yàhàyá Gbàdàmọ́sí, ọmọ bíbí Kambolé. Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Kouloundè, ní Sokodé, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Káàdì ẹgbẹ́ mi pé, n kò sì jẹ́jọ́ rí. Èdè tí ìyá mi ń sọ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ wọn sọ. Olùkọ́ kan ní Tchamba ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, mo sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.

2. Ìyá mi, Kúbúrá, ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni etí wọn fi di. Ẹnu wa ni wọ́n máa ń wò bí a bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣa àwọn ohun tó ṣì dára lára àwọn rédíò tó ti kú, mo sì fi wọ́n ṣe àpótí kan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Bátìrì kan wà níbẹ̀, tíránsísítọ̀ mẹ́ta, ohun tí ń gba ohùn, àti wáyà tí a ń kì bọ etí. Ti etí yìí, ara rédíò bàbá mi olóògbé ni mo ti yọ ọ́, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjà Sokodé. Ọjọ́ tí mo tàn án, ewúrẹ́ Sèínábù aládùúgbò wa ké lẹ́yìn ilé. Ìyá mi di apá mi mú. Wọ́n ní ohun tí ewúrẹ́ ń sọ kò tíì yí padà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

3. Ẹ̀bi wa nìyí, n kò ní fi pamọ́. Ojú ń ti ìyá mi láti gbé àpótí onírin kọ́rùn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Hàrúnà, tó ń fi awọ rán tírà ní Kouloundè, wá rán an sínú awọ pupa, a sì gba abẹ́ ìborùn fa wáyà rẹ̀ lọ sí etí. Ẹni tó bá rí i, tírà ló rí. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí í tú tírà wò. Olè pàápàá kì í gbé e. A rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni níbi gbogbo.

4. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ìyá mi àti àbúrò mi Àmínátù ń lọ sí Mẹ́kà. Mo dúró lẹ́yìn okùn ní pápá yín, mo ń wò wọ́n. Òṣìṣẹ́ yín tó wà nídìí ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹrù ní kí ìyá mi bọ́ ohun ọrùn wọn sínú agbọ̀n, ó sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àmínátù dáhùn pé tírà ni, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀. Èsì tí a ti ń fún gbogbo ará Kambolé láti ọdún kan nìyẹn, kò tilẹ̀ rò ó kí ó tó sọ ọ́. Wọ́n ti agbọ̀n wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dúró. Mo kígbe pé èmi ni mo ṣe é, wọ́n bá mú mi wá síwájú gíláàsì rẹ̀.

5. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tú rédíò, n kò rí inú ohun kan rí láìjẹ́ pé mo tú ìdè rẹ̀. Lójú gíláàsì yín, awọ Hàrúnà ti di àwátì. Mo rí bátìrì mi. Mo rí wáyà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n tí mo fi jó o pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo gbàgbé pé wàhálà ti dé. Mo ń yin Ọlọ́run tí ó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí sójà mẹ́ta tó ti yí ìyá mi ká.

6. N kò bínú sí àwọn sójà náà. Bátìrì àti wáyà nínú awọ tírà, ní irú àsìkò tí a wà yìí, èmi náà ìbá bẹ̀rù. Òṣìṣẹ́ yín ṣe é jẹ́jẹ́. Ó tú ojú rírán, ó ki wáyà bọ etí ara rẹ̀. Ìyá mi, tí kò gbọ́ ohun kankan mọ́, ń gbàdúrà lábẹ́nu nítòsí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ti fi orúkọ mìíràn pè lójú ẹ̀rọ, òun kò ní àṣẹ láti jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó fún wa ní ìwé nọ́ńbà 47, ó ní kí a wá gbà á tí wọ́n bá dé. Ìyá mi sì lọ bẹ́ẹ̀.

7. Wọ́n dé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ. Ẹni mìíràn ni a bá nídìí iṣẹ́. Ó ní ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè fọwọ́ sí i, ẹ kò sì sí nílé. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ ọkọ̀ láti Sokodé wá, èsì kan náà ni.

8. Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ nìyí. Àmínátù mú rédíò mi tó ń gba ohùn sí kásẹ́ẹ̀tì lọ sí Mẹ́kà. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe èyí, kì í ṣe ọwọ́ mi, kò sì sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Ó fi gba ohùn ladáánì ní ọ̀sán, níwájú Kaábà, nígbà tí ìyá mi dúró tì í tí wọ́n ń wo ẹnu àwọn ènìyàn. Ní Kambolé, gbogbo ẹni tó wá kí Àlájà ló ń béèrè bí ìpè náà ti dún. Ìyá mi ń dáhùn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ti fi ìborùn wọn di kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sí rédíò títí àwọn náà yóò fi lè gbọ́.

9. Mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí nọ́ńbà 47. Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́gbọ́n: inú ike tí ń fi inú hàn ni n ó gbé e sí, n ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá máa pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ yín tó gbọ́ àdúrà ìyá mi yọ bátìrì rẹ̀, kí omi rẹ̀ má baà jẹ wáyà. Yóò mọ bí yóò ti fọwọ́ mú un.

10. Ogójì ènìyàn ló wà nínú agbo ilé wa. Kò tíì sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ìbuwọ́lùwé yín,

Yàhàyá Gbàdàmọ́sí,
Alátùn-únṣe Rédíò, Kouloundè, Sokodé.