Ardell Wiebers, Ẹni Tí Owú Kọ́ ní Orúkọ Òdòdó Oòrùn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1937 ni a bí Olóògbé Ardell Henry Wiebers sí oko bàbá wọn lẹ́yìn ìlú Elk Fork, ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Iowa. Gerhard Wiebers ni bàbá wọn. Tena, ọmọ ìdílé Ubben, ni ìyá wọn. Àgbẹ̀ àgbàdo ni ìdílé náà láti ìgbà tí bàbá-bàbá wọn ti ilẹ̀ Jámánì wá. Àbíkẹ́yìn ni Olóògbé jẹ́. A gbọ́ pé láti kékeré ni wọn kì í ti í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan màlúù tí wọ́n bá ti pè ní tiwọn.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1955, wọ́n sì gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ bàbá wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1961 ni wọ́n gbé Lavonne Riessen níyàwó, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọlọ́run fi Gaylen, Twila àti Renae ta wọ́n lọ́rẹ.

Màmá Lavonne fẹ́ràn òdòdó oòrùn inú ìgbẹ́, irú èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú, tó máa ń tún hù lọ́dọọdún létí ojú irin rélùwéè àtijọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ga, gbogbo rẹ̀ ló láwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Harlan Stoakes, tí ń fi ọkọ̀ pín lẹ́tà káàkiri oko, mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Harlan ti kú. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí nínú oṣù kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Harlan àti Màmá á forí lé ojú irin, wọn á máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí òdòdó, wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹbí kò ní fi bò: Olóògbé jowú gidigidi. Bí ọkọ̀ Harlan bá ń kọjá, wọn á pa katakata, wọn á máa wò ó títí eruku rẹ̀ á fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1974, Olóògbé so ẹ̀rọ ìgékoríko mọ́ katakata, wọ́n sì gé gbogbo òdòdó etí ojú irin náà lulẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, Màmá débẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n padà sílé. Wọn ò pariwo.

"Ardell, ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni."

"Èwo lo gé?"

"Èwo báwo? Òdòdó oòrùn ni mo gé!"

"Irú mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èwo nínú wọn ló ṣẹ̀ ọ́?"

Olóògbé ṣí fìlà, wọ́n tún dé e.

Màmá mirí. "Ó mà ṣe o! Ọkọ mi ń jowú, kò tiẹ̀ mọ orúkọ ohun tó ń bá jà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Olóògbé ní akínyẹmí ara. Nígbà tí ọdún yípo, òdòdó náà tún yọ, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Olóògbé wá ń dá lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí Harlan má baà fi nǹkan kan jù wọ́n lọ. Wọ́n ń fọwọ́ ra igi òdòdó, wọ́n ń yí ewé wò. Eléwé-ayùn, igi tiẹ̀ ń dán, ó sì ní ẹfun fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Eléwé-dòjé, ewé tiẹ̀ ká láti àárín, ó tẹ̀ kọdọrọ, igi rẹ̀ a sì máa ha ènìyàn lọ́wọ́. Oníṣu, ewé tiẹ̀ fẹ̀; ẹni tó bá wa ìdí rẹ̀ á bá iṣu kéékèèké. Olójú-dúdú ló ṣìkẹrin, ewé rẹ̀ le bí awọ.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, níbi oúnjẹ àjọjẹ ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gbẹ́ni Harlan mú igi òdòdó kan wá, wọ́n ní eléwé-ayùn ni.

Olóògbé já a gbà. "Irọ́ ni. Igi yìí ha. Eléwé-dòjé ni."

"Ardell, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ìwọ tó ń ju lẹ́tà látinú ọkọ̀, níbo lo ti fọwọ́ kàn án?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá gbé abọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n yẹ ewé náà wò. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ó ká díẹ̀, ó sì ní eyín bí ayùn. Irú méjèèjì ti bára wọn bímọ. Ọmọ wọn lẹ ń jà lé lórí yìí."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń rìn. Olóògbé ṣe alàgbà nínú ìjọ Luther wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olóògbé náà ló dìde nípàdé ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba má gé koríko etí ojú irin mọ́ kí òdòdó tó gbó.

Màmá Lavonne sùn nínú Olúwa ní ọdún 2011. Ọdún karùn-ún lẹ́yìn náà, Renae tẹ̀ lé àwọn bàbá méjèèjì lọ sí ojú irin, ó sì gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Harlan sọ̀rọ̀.

"Ardell, mo fẹ́ràn ìyàwó ẹ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Mo sọ fún un, lẹ́yìn tó o gé òdòdó yẹn."

Olóògbé fi ọ̀pá tilẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní èmi kàn mọ orúkọ òdòdó ni. Ó ní ọkọ òun ló lè torí òun gé e."

Olóògbé kọ̀yìn sí wọn, wọ́n sì fi fìlà nu ojú. Wọ́n ní, "Àṣé kì í ṣe lásán ni mo ń jowú."

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, Olóògbé sùn, wọn kò jí mọ́. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Gaylen àti Joleen ìyàwó rẹ̀, Twila, Renae, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Ọ̀gbẹ́ni Harlan Stoakes, tí kò bímọ, tí kò lẹ́bí mọ́. Olóògbé ti yọ̀ǹda àyè fún Ọ̀gbẹ́ni Harlan nínú ilẹ̀ ìsìnkú ìdílé wa. Nígbà tí Gaylen bi wọ́n pé apá ibo, wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ mi ni. Ẹ ò gbọdọ̀ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Lavonne."

Bàbá, a ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ sùn ire.