Mo Ní Ara Rẹ̀ Kò Yá

Bàbá mi àtàtà,

Àwáwù ìyàwó mi kú. Ọjọ́ Àlàmísì ló kú, ní ìyálẹ̀ta, oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ìrun àlàásárì tó pé, a ti sin ín. Mo là á mọ́lẹ̀ fún yín báyìí nítorí pé n kò là á mọ́lẹ̀ fún ẹni tó yẹ kí n là á fún, òun ló sì dá wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Sìdí, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ kò rí i, ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ lọ ni a bí i. Tíṣà ni, ó sì fẹ́ràn kó máa tún ọ̀rọ̀ ẹni ṣe, àmọ́ mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kó ṣe kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Ẹnu mi kì í gbé ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń rán fìlà há ẹnu, tí ẹ ó máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ pé bí èmi bá lọ kí aláìsàn, kí aláìsàn náà yáa tètè pín ogún rẹ̀. Ẹ ó wá rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ náà kò sì ní bọ́. N kò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é títí dòní.

Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n lo ẹnu yẹn, mo pa á mọ́. Àwáwù ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ọ̀yọ́, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ìyá Ọlọ́gbà là ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú òdòdó inú ààfin kó tó kú, ìyá náà kò sì kúrò nínú ọgbà yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló pọn Àwáwù dàgbà. Òun ni mo kọ́kọ́ pè.

Àgbà ni, a kì í sì í túfọ̀ fún àgbà lórí fóònù. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Àwọn tó yí mi ká náà ń ṣẹ́jú sí mi. Mo bá ní ara Àwáwù kò yá, kí wọ́n máa bọ̀. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Bí wọ́n bá ti so kò yá pọ̀ mọ́ máa bọ̀, ẹni tó gbọ́ á ti káwọ́ lérí. Ìyá Ọlọ́gbà kò káwọ́ lérí. Ó béèrè bóyá ó ń jẹun. Mo ní kò jẹun. Kò jẹun lóòótọ́.

Kò dé lọ́jọ́ náà. Kò dé lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, a jókòó lórí ẹní, àwọn àáfà ti bẹ̀rẹ̀ àdúà, ni mo rí i tó wọlé, ó gbé ìkòkò àgbo dání, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi dé e lórí. Ó bọ́ bàtà. Ó kí wa. Ó béèrè pé yàrá wo ni aláìsàn wà.

Bàbá, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Èmi náà kò dá a lóhùn. Ó wo ẹní, ó wo àwọn àáfà, ó wo ojú mi, ó sì rọra gbé ìkòkò náà sílẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi sàárè hàn òun. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó padà sí Ọ̀yọ́ láìmu omi ilé mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, kò ní gbé e. Ó ránṣẹ́ pé n kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun, òun kò sì ní wá sí àdúà ogójì ọjọ́.

Bí kò bá wá, àpótí Àwáwù kò ní ṣí. Ẹ mọ àṣà wa, ọwọ́ àgbà ilé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i, kò sì sí àgbà mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni àpótí náà wà. Àwọn aṣọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti tẹ̀sùbáà rẹ̀, àti ohun tí n kò mọ̀. Mo ń nu eruku orí rẹ̀ láràárọ̀. Mo ń bẹ̀rù pé èmi náà á kú, wọn á gbé e jù síta ní títì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Sìdí gbé mọ́tò wá láti Adéwọlé, níbi tó ń gbé. Ó ní ká lọ ṣeré ní Ọ̀yọ́, ká lọ wo ààfin àti ọgbà, pé ara mi á fúyẹ́. N kò fẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n mo wọ mọ́tò. A ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ìkòkò àgbo ìyá yẹn wà lórí àga, ó ti fọ̀ ọ́, ó fi gèlè dì í. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní a ó fi kó òdòdó.

Mo ní kó dá mọ́tò dúró. Kò dá a dúró. Mo tún un wí. Ó ní àwọn ọlọ́pàá kì í jẹ́ kí èèyàn dúró níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ṣe fi "ẹ jẹ́ ká lọ ṣeré" tàn mí, bí èmi ṣe fi "ara rẹ̀ kò yá" tan àgbà.

Ní ẹnu ọ̀nà ààfin, ọkùnrin tó ń mú àlejò yíká bi mí níbi tí mo ti wá. Nígbà tó gbọ́ Ìlọrin, ó ní kò burú, ṣé mo tún padà wá jagun ni. Mo ní mo ti darúgbó, bóyá àwọn ọmọ mi. Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Ó mú wa gba àgbàlá kan dé òmíràn, ó fi òpó gbígbẹ́ hàn wá, ó fi kọ̀bì tí ọba ń jókòó sí hàn wá, ó ń ka orúkọ àwọn ọba àtijọ́. Sìdí ń ya fọ́tò. Èmi ń wo ibi tí ìyá kan lè ti yọ sí mi. Àwáwù bẹ̀ mí láìmọye ìgbà pé ká jọ wá wo ibẹ̀. Mo máa ń ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé òun náà gbà mí gbọ́?

Inú ọgbà ni ìyá náà wà, lẹ́yìn ògiri tó kẹ́yìn, ó ń bomi rin òdòdó. Sìdí ti bá a sọ ọ́ kí a tó wá. Ìyá náà gbà pé ká wá síbẹ̀ nítorí pé ọgbà kì í ṣe ilé òun. Ó gbójú sókè, èmi nìkan ló wò.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí.

Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ta ní ọfà, Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ti ń fi ìwọ pè mí, nítorí ó jù mí lọ dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ" ni wọ́n fi ń pe àlejò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín òdòdó, èmi tí eékún ń dùn.

"Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sí i ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ẹ ní ara rẹ̀ kò yá, mo sì gbà yín gbọ́. Mo dúró kí àgbo jinná dáadáa, torí mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn àgbo tí kò jinná."

Ó tún ń bomi rin òdòdó rẹ̀ lọ. N kò dìde. Ibẹ̀, lórí ẹrẹ̀, ni mo ti sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó yẹ kí ẹ̀yin gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe ní kí Sìdí mú bírò.

Ní ọjọ́ tí ẹ kú, oko Òkè-Oyì ni mo wà. Múmínì ẹ̀gbọ́n mi gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi, ó ní ara Bàbá kò yá, kí n máa bọ̀. Ebè iṣu mi ku mẹ́rin. Òjò ń ṣú. Mo ní kó máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí, mo fọ ọkọ́ mi kí n tó wá. Nígbà tí mo dé, ṣọ́bìrì wà lẹ́nu ọ̀nà, erùpẹ̀ tútù wà lára rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ilé pé Múmínì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n bú u. Kò jiyàn. Ó ru ẹ̀bi yẹn títí òun náà fi kú. Ṣé ẹ ti rí i níbẹ̀? Ṣé ó sọ fún yín? Ṣé ẹ béèrè mi kí ẹ tó lọ, Bàbá?

Wọ́n ti ṣe é fún mi rí. Kí ló dé tí mo tún ṣe é fún ẹlòmíràn?

Ìyá Ọlọ́gbà ti gbé agolo omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ebè mélòó lo ní ó kù?"

"Mẹ́rin."

"O parí gbogbo ẹ̀?"

"Mo parí gbogbo ẹ̀."

"Dìde níbẹ̀ yẹn. O ti run ẹ̀fínrín mi."

Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ó pè mí ní ìwọ. N kò tètè lè dìde, Sìdí ló fà mí sókè. Ìyá náà gba ìkòkò rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó já ewé sí i títí ó fi kún, ó sì gbé e padà fún mi. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri, kí n sè é kó jinná. Ó ní òun á wá ní ogójì, òun á ṣí àpótí àbúrò òun. Ìgbà náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan.

"Lọ́jọ́ tí ìwọ bá kú, Bàbá Sìdí, kí ni wọ́n á sọ fún mi?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ẹni tó ń kọ ìwé yìí ló wà. Sìdí, má dá bírò dúró, kọ èyí náà sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, má ṣe wo ojú ẹnikẹ́ni. Mú fóònù. Pe Ọ̀yọ́ kí o tó pe àwọn àbúrò rẹ. Má sọ pé ara mi kò yá. Má sọ pé kí wọ́n máa bọ̀. Sọ pé Bàbá mi ti kú, kí o sì dúró lórí fóònù títí ìyá náà á fi sunkún tán. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n yára sin mí, ní kí wọ́n dúró dè é. Ọ̀nà náà kò jìn. A ti jọ rìn ín.

Èmi ni, ọmọ yín tó kọ ebè rẹ̀ parí kó tó wá.