Ìwé Orin Màmá Àgbà

Garland, Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ẹtì

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: báàgì Màmá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fa síìpù rẹ̀ pa, bàtà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé orin wọn lórí rẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ máa lọ sílé. Ibi tí ẹnì kan kì í ti í kí ẹnì kejì, kí ni mo ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, màá bá wọn yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú wọn padà.

Wọ́n sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ìyá òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ń bomi rin òdòdó, ó rọra ń kọ orin ìsìn kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá dúró. Wọ́n bá a gbé e ní Yorùbá. Ẹsẹ mẹ́ta ni wọ́n jọ kọ, kálukú ní èdè tirẹ̀, wọ́n sì jọ parí ẹ̀.

"Ta ló kọ́ eléyìí ní orin wa?"

Mo ní ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, obìnrin afọ́jú kan, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kọ ọ́. Àwọn tiwa ló túmọ̀ ẹ̀.

Màmá wò mí títí. "Orin tí mo fi sin ìyá mi? Afọ́jú wọn rí mi láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó lójú wá ń wò mí kọjá lórí àtẹ̀gùn."

Oṣù méjì ni wọ́n ti wà níbí. Ká ní mo ti mọ̀ pé ìyá yẹn mọ orin wọn...

Nírọ̀lẹ́, wọn ò bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni ìyá yẹn tún máa bomi rin òdòdó. Báàgì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìwé orin ti padà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ni mo dùbúlẹ̀.