Kíkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá 1985

Ìpàdé nílé mi, lẹ́yìn ọjà Agbalata. Àwa márùn-ún tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdulrauf, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, kọ́ ní lítíréṣọ̀ nígbà tí à ń ṣe másítà. Ajíbóyè wọkọ̀ láti Ìbàdàn, ó ti fi ara rẹ̀ jẹ alága kó tó bọ́ bàtà. Ìwé tí a jọ kọ láti fi yẹ́ Bàbá sí wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé – bébà ni kò sí. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, bébà la fi ń nu ọwọ́ tá a bá jẹja tán. A mú ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ fún ayẹyẹ ìkójáde rẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka nǹkan kan nínú rẹ̀ fún Bàbá. Òfin Bàbá fúnra wọn ni: ọbẹ̀ tí ò tíì jinná, a kì í bù ú fálejò.

Àìkú, 6

Mo lọ kí Bàbá Tún-un-kà. Orúkọ tí à ń pè wọ́n lẹ́yìn nìyẹn. Kò sóhun tí a ń kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní kíláàsì wọn. O bá kà á tán, wọn á dákẹ́, ìwọ náà á dákẹ́; wọn á wá ní, "Tún un kà." Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kíní tetí ni, ẹ̀ẹ̀kejì tinú.

Ojú wọn ti lọ tán. Wọn ò rí mi, wọ́n gbọ́ mi. "Morìnsọ́lá, o ṣì ń wọ́ bàtà nílẹ̀." Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Alhaja Suwebat, ìyàwó wọn, gbé omi wá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí a ń kàwé lọ́dẹ̀dẹ̀ wọn láyé ọjọ́un. Wọ́n á ní àwọn ń dúró gba ife ni. Ife kan, odindi ọ̀sán.

Bàbá ní kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ nípa àwọn. Mo ní ọbẹ̀ ò tíì jinná. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Ọjọ́rú, 9

Ikọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹtì, 25

Sewanu, ẹlẹgbẹ́ wa ará Imeke, ló mú iṣẹ́ tí Ajíbóyè rán wá. Wọ́n ti sún ayẹyẹ náà sí ọjọ́ keje oṣù Kejìlá. Ẹni ńlá tí a fẹ́ fi ṣe alága ọjọ́ náà ò ní í tíì dé láti òkè òkun. Sewanu ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sí níbẹ̀ o." Torí Bàbá là ń ṣe é ni, àbí torí agbádá ẹnì kan? Mo bínú – mo sì kọ ọjọ́ tuntun náà sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Bàbá ò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn ni. Wọ́n tún béèrè: "Kà á fún mi. Bí ò tiẹ̀ jinná." Bàbá, tí wọn kì í tẹ òfin wọn lójú. Ohun tí mo kọ wà nínú báàgì mi, mo tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá, kò pẹ́ mọ́." Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n yíjú sí ògiri. Alhaja wò mí.

Àìkú, 17

Lọ́la ni n ó kà á fún wọn. Kí Ajíbóyè bínú bó bá fẹ́.

Ajé, 18

Bàbá ti lọ.

Wọ́n jí ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsùbáà, wọn ò parí ẹ̀. Sewanu wá pè mí níléèwé tí mo ti ń kọ́ni. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n. Wọ́n kirun sí wọn lára, àwọn ọkùnrin gbé wọn lọ sin. Àwa obìnrin dúró sílé. Báàgì mi wà léjìká mi, ohun tí mo kọ wà nínú ẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ìṣẹ́gun, 19

Iṣẹ́ Ajíbóyè dé: kí wọ́n gbé òkú sí yàrá òtútù di Àbámẹ́ta, kí yunifásítì lè ráyè kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó ti mọ Bàbá tó báyìí, kò mọ̀ pé wọn kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́? Mo fẹ́ bú u. Mo rántí báàgì mi.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ tí à bá fi ṣe é. Ẹni ńlá ò wá mọ́. Ó ní kò sẹ́ni tí òun fẹ́ yẹ́ sí mọ́. Àwa márùn-ún lọ sílé Bàbá. Ìwé náà ti jáde, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣì ń rùn. Alhaja wà nínú opó, wọn ò jáde sí wa. Kọ́tìnì ló wà láàárín wa. A jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, níbi tí a máa ń jókòó sí. Àga Bàbá wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Mo ka ti èmi. Ọjọ́ tí Bàbá kó wa lọ sétíkun, tí wọ́n ní ká kàwé kí ohùn wa borí ìgbì. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá tó bí mi kú ni. Ohùn mi ò jáde, Bàbá sì dúró tì mí títí ó fi jáde.

Mo kà á tán. Mo dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́ – ó ti mọ́ wa lára, à ń dúró. Ìgbà tí mo rí i pé à ń dúró ni mo wo àga Bàbá. Ajíbóyè tẹjú mọ́ bàtà ẹ̀.

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, Alhaja ní, "Tún un kà."

Mo ṣí i padà síbẹ̀rẹ̀. Omijé ò jẹ́ kí n rí lẹ́tà kankan. Ajíbóyè gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè.