Ọṣẹ Tí Sẹ́nàmi Fi Èèpo Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Sè

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni mo máa wẹ ọmọ tuntun tí Sẹ́nàmi bí, n kò sì mọ̀ bóyá ọṣẹ tó gbé kalẹ̀ fún mi kò ní bó o lára.

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Màámi mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣì ń fẹ́ sí yín ní Ajara níbi tí a tẹ́ yín sí.

Sẹ́nàmi, ọmọ-ọmọ yín, ti di abiyamọ. Obìnrin ló bí, ó pupa bíi tiyín. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo kẹ́mísírì tó kà, wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́. Ìjọba ológun ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọjá sí Kútọnu lọ wáṣẹ́, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣé ó ń jẹun? Ọṣẹ ọmọdé, a kì í rí i rà mọ́. Bí a bá rí i, ọwọ́ wa ò tó o. Ègé tó kù tí mo fi ń wẹ ọmọ náà tán láàárọ̀ yìí.

Ilé iṣẹ́ kan wà lọ́nà Mowo tó ń fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú páálí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń da èèpo sí. Tòun toyún ni Sẹ́nàmi fi ń ru àpò lọ kó o. Á sá a, á sun ún di eérú, á sẹ́ omi rẹ̀, á wá fi òróró tó tún fún jáde lára eèrí àgbọn tí àwọn tó ń ṣe òróró àgbọn ti dà nù sè é. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Eléèpo, ewúrẹ́ wa ò tíì jẹun o!” Á ní kí ewúrẹ́ ọ̀hún wá ra ọṣẹ, torí òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tó ń ta èèyàn lẹ́nu, kí ni yóò ṣe fún awọ ìkókó?

Ó ní iná ti pa ìyẹn. Omi eérú tó bá le jù nìkan ni kí n bẹ̀rù. Bébà kékeré kan wà tó kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà bí omi eérú inú ọṣẹ bá ṣì le. Ó ti tán. Wọn ò kó o wọ̀lú mọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí yín. Bí ọṣẹ yín bá ti tutù, ẹ ó bù ú bíńtín sórí ahọ́n, ẹ ó dijú. Lẹ́yìn náà lẹ ó pín in: tàwo, tàwa, àti kékeré tí ẹ máa ń fi ewé pọ́n fún ìkókó. Kí lẹ ń tọ́ wò, Màámi? Ṣé kí ó má ta rárá ni? Àbí ó lè ta díẹ̀?

Mo ti tọ́ ti Sẹ́nàmi wò. Ó ta mí díẹ̀. Mo fi fọ abẹ́ apá mi lánàá, kò pọ́n. Ṣùgbọ́n awọ àgbà ni tèmi, iyọ̀ òkun ti kọ́ ọ.

Mo dábàá pé kí n máa fi omi lásán wẹ̀ ẹ́ ná. Ojú Sẹ́nàmi yí padà. “Màmá, ọ̀la la máa kó ọmọ jáde, gbogbo obìnrin ilé ló máa wò yín. Bí ẹ̀yin bá pa ọṣẹ mi tì, ta ló máa rà á?” Bí mo bá kọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ni mo fi pa iṣẹ́ ọmọ mi. Bí mo bá lò ó tí awọ ọmọ bó, Sẹ́nàmi kò ní dárí ji ara rẹ̀ láéláé.

Mo rò pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni màá fi kàn kọ́kọ́, kí n máa kọrin kí àwọn obìnrin má baà fura, kí n ṣàn án kíá, kí n sì wojú ọmọ. Ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyẹn. N bá ní kí ẹ wá bá mi lójú àlá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oorun sùn, ibo ni yóò ti lálàá? Ẹ kúkú kọ ọ́ síbi tí ojú mi á ti rí i. Ẹ tètè fèsì, Màámi, kí wọ́n tó gbé omi ọmọ kaná.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọwọ́ yín wẹ̀, tí kò sì yé fẹ́ràn yín.